Ibi Tí Imú Rélùwéè Kọjú Sí

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà kí wọ́n tó ra ohunkóhun, títí kan iyọ̀, ọdún yẹn ni rélùwéè dé ilé wa n'Ígbó-Ọrà. Orí ògiri ló dé sí. Ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣe tíṣà ló gbé àwòrán ńlá kan ti ìlú òyìnbó bọ̀, tó wà nínú gíláàsì, ó sì fi ta Bàbá lọ́rẹ. Bàbá yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun náà ni olórí agbo ilé wa.

Mo rántí àwòrán náà bí ẹni pé àná ni. Kì í ṣe fọ́tò. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, pẹ̀lú ìlà wínníwínní bí irun orí. Ẹ̀rọ náà dà bí àgbá tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Páìpù gígùn kan yọ lórí rẹ̀, èéfín ń tú níbẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Awakọ̀ dúró gbangba nínú afẹ́fẹ́, kò sí òrùlé lórí rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó dé fìlà gíga bí odó jókòó sẹ́yìn nínú nǹkan tó jọ àgò adìẹ, ẹṣin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì ń sá lọ tẹ̀rùtẹ̀rù. Àwa ìyàwó ilé káàánú ẹṣin yẹn gan-an.

Tíṣà ṣàlàyé títí ó fi làágùn. Ó ní bí rélùwéè ṣe rí nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é nìyẹn, pé gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣèèṣì fi kún un pé àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ń bẹ ìjọba kí rélùwéè gba Ìbàràpá kọjá. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni Bàbá gbọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé àwòrán rélùwéè wa ti dé, pé òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ wá ku ibi tó máa gbà. Bàbá na ìka sí ògiri. "Ṣé ẹ ò rí ibi tí imú ẹ̀ kọjú sí ni? Oko ìsàlẹ̀ odò ló ń lọ." Kò sẹ́ni tó jiyàn. A wo imú, a wo ọ̀nà oko, ó bá ara mu.

Oko ìsàlẹ̀ odò yẹn ni àwọn igi irúgbá tí ìyá ọkọ mi fi lé mi lọ́wọ́ wà. Èso wọn ni mo fi ń ṣe irú, irú yẹn ló sì ń rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Bàbá ní bí a bá ṣe Iléyá tán, gígé ni.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, igi mi ńkọ́?"

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kó forí sọ igi ni? Kí ìjọba wá gbé mi?"

"Ṣé kò lè yà fún un ni? Mọ́tò ń yà fún igi."

"Rélùwéè kì í yà!" Bàbá tó sọ̀rọ̀ yìí ò fojú kan rélùwéè rí, àfi ìyẹn tó wà lógiri.

Mo sá tọ ọkọ mi lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀," ló wí, ó sì ń pọ́n àáké.

Nílé wa, bí Iléyá bá ti kù dẹ̀dẹ̀, àwa ìyàwó ilé la máa ń kun pálọ̀ Bàbá lẹ́fun. Lọ́dún yẹn, èmi ni mo sọ àwòrán náà kalẹ̀. Nígbà tí a kùn ún tán, èmi náà ni mo gbé e kọ́, ṣùgbọ́n ògiri òdìkejì ni mo gbé e kọ́ sí.

Ọjọ́ ọdún, wọ́n ti yídì dé, pálọ̀ kún. Àna wa kan láti Ẹ̀rúwà ló kọ́kọ́ rí i. "Bàbá, rélùwéè yín mà ti yíjú padà! Ilé tuntun yín tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù ẹ̀ ló dojú kọ yìí o."

Ẹran dúró lẹ́nu Bàbá. "Ta ló yí i?"

"Bàbá, ògiri tọ̀hún ò tíì gbẹ ni," mo wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ gbé e padà síbi tó wà!"

"Háà, Bàbá," àna wa bú sẹ́rìn-ín, "tẹ́ ẹ bá gbé e padà, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń wa rélùwéè nìyẹn. Oko ẹlòmíì ló lè gbà, àbí? Tó bá kan ilé tiyín, ó di kẹ́ ẹ yí i!"

Ẹ̀rín gba gbogbo pálọ̀. Bàbá jẹ ẹran náà pẹ́, ó gbé e mì. Ó wá ní, "Èmi tiẹ̀ ti ń rò ó. Èéfín ẹ̀ pọ̀ jù. Aṣọ funfun là ń wọ̀ lọ sí yídì. Kó máa lọ sí Ẹ̀rúwà." Àwọn àgbà ní òótọ́ ni, èéfín ẹ̀ pọ̀. Àna wa gbé àwòrán náà relé tayọ̀tayọ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n jà níbẹ̀ lórí ògiri tí wọ́n máa gbé e kọ́.

Àwọn ọmọ mi ti dàgbà báyìí. Bí wọ́n bá jókòó, wọn a máa sọ ọ́ fún ìyàwó wọn pé, "Ìyá wa gbọ́n, ó mọ̀ pé àwòrán lásán ni." Mo ti sọ fún wọn pé mi ò gbọ́n kankan. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo gbà pé ibi tí imú ẹ̀ bá kọjú sí ló máa gbà, ìdí nìyẹn tí mo fi yí i. Igi mi ni mo fẹ́. Bó bá jẹ́ ilé Bàbá ni rélùwéè máa wó, kó yáa wó o.