Iwin Mẹ́wàá Láti Inú Aṣọ Tó Ṣẹ́kù

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó dá mi lójú nítorí pé aago ara sítóòfù ni mò ń wò, tí mò ń dúró de ìrẹsì, nígbà tí ìyá mi fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn fúláàtì wa wọlé, tó gbé elégédé ńlá mẹ́ta ka orí tábìlì, tó sì bi mí pé:

"Ìwọ tó o lọ yunifásítì, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe Hàlòwíìn?"

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ sì ni. Peckham, níbí ní ìlú òyìnbó, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, bí alẹ́ ọjọ́ Hàlòwíìn, tí àwọn òyìnbó ń fi iwin àti òkú ṣeré, bá ti lẹ́, ìyá mi á paná pálọ̀, á ní kí gbogbo wa jókòó jẹ́ẹ́ títí àwọn ọmọ tó ń kanlẹ̀kùn kiri nítorí súìtì yóò fi kọjá. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọdún náà kò ju ìró ọwọ́ ọmọdé lára ilẹ̀kùn lọ.

"Ọdún mẹ́ta gbáko," ni ìyá mi wí. "Kí wá ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀?"

Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Iṣẹ́ méjì ni ìyá mi ń ṣe nígbà náà. Ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí apá Bermondsey láti tún ọ́fíìsì kan ṣe. Ní ọ̀sán, ó ń lọ sí gbọ̀ngàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ bílọ́ọ̀kù wa, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé títí òbí wọn á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ ọ̀sán yìí kò dúró sójú kan: bí wọ́n bá nílò rẹ̀ ni wọ́n á pè é. Wàyí o, igbákejì máníjà ti kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n sì fẹ́ fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, iṣẹ́ gidi, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹni méjì ló wà lójú máníjà: ìyá mi, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, tó lè fi bébà ṣe ohunkóhun. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti ṣe ọ̀ṣọ́ ìkórè ní oṣù kẹsàn-án, ewé gbígbẹ lóríṣiríṣi àwọ̀ láti òkè ilé délẹ̀, gbogbo òbí ló yà á ní fọ́tò. Hàlòwíìn ló kan ìyá mi. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò fi ti ìdájí sílẹ̀.

"Mo fẹ́ máa sùn," ló sọ fún mi. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bi í bí ó ṣe fẹ́ ṣe é ní ti ẹ̀sìn. Mùsùlùmí ni wá. Ìyá mi tilẹ̀ wà lára àwọn ìyá tí wọ́n máa ń pè ní mọ́sáláṣí wa bí obìnrin bá kú, láti wẹ òkú náà kí wọ́n sì fi aṣọ funfun dì í. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi òkú ṣeré.

"Mọ́mì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń paná fún wa?"

"Ta ló ní mo fẹ́ bọ ọ́? Ọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tó ń ránṣọ ìyàwó, ṣé òun ló ń lọ sílé ọkọ ni?"

Mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jò, n kò rí i. Síbẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Elégédé la kọ́kọ́ dojú kọ. Mo ti wo fídíò díẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún un pé wọ́n á ha inú rẹ̀ dà nù, wọ́n á gbẹ́ ojú àti eyín sí i lára, wọ́n á wá tan àbẹ́là sínú rẹ̀.

"Dà á nù síbo?"

"Sínú bíìnì."

"Oúnjẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Astagfirullah," ó ní, ó sì gbé ìkòkò kaná.

A jẹ ọbẹ̀ elégédé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, a sì tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ó fi iyọ̀ sí kóró rẹ̀, ó yan án, ó ń fi í panu. Ojú tó gbẹ́ sí wọn lára kò lè ba ọmọ ọwọ́ lẹ́rù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ìbátan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Nígbà tó ṣe tán, ó mú òrí, ó fi pa ojú ibi tó gbẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fi pa wá lẹ́sẹ̀ nígbà òtútù, kí wọ́n má baà gbẹ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, elégédé iwájú ilé àwọn aládùúgbò wa ti rọ̀ wọ̀ǹwọ̀, tiwa ṣì ń dán. Ìyá mi ní òrí ni. Ó lè jẹ́ òrí. Ṣùgbọ́n a kò fi ọ̀kan sílẹ̀ láìpa, nítorí náà kò sí èyí tí a lè fi wé e.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ọjọ́ kejì tí elégédé dé, ó kan iwin. Mo ti pín iṣẹ́: èmi yóò gé àdán láti ara páálí dúdú, òun yóò ṣe iwin. Mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù: aṣọ funfun tí wọ́n dà bo bébà tí wọ́n rún roboto, tí wọ́n so lọ́rùn, tó wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nísàlẹ̀. Ó wò ó títí.

"Eléyìí ò ní láárí," ó ní. "Ta ló dì wọ́n? Wọ́n kàn da aṣọ sí i lórí ni."

Ó wọ yàrá lọ, ó sì fa ìdì aṣọ funfun kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í pé aṣọ wo nìyẹn. Ó ní aṣọ tó ṣẹ́kù ni. N kò béèrè ibi tó ti ṣẹ́kù.

Ó ká ìwé ìròyìn àtijọ́ títí ó fi gùn tó apá. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó tẹ́ òmíràn lé e, ó gbé ìwé ìròyìn náà sí àárín, ó ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan bò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó má ṣe hunjọ, kó tó wá ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo na sísọ́ọ̀sì sí i, ó ní òun kò nílò irin. Ọwọ́ ló fi ya etí aṣọ tó fi ṣe okùn. Ó so ọ̀kan sókè orí, ó so ọ̀kan sí ìbàdí, ó so ọ̀kan sí ẹsẹ̀, kókó tó ta kò sì le. Bí ènìyàn bá fà á díẹ̀, á tú. Ẹnu rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́pẹ́. Mo rò pé orin ló ń kọ.

Ó ti ṣe mẹ́wàá tán kí n tó gé àdán mẹ́rin, nítorí pé mò ń wọn ìyẹ́ wọn kí méjèèjì lè dọ́gba. Nígbà tó tò wọ́n sórí àga pálọ̀, mo rí i pé gígùn gbogbo wọn dọ́gba, láìwọ̀n. Mo tún rí i pé apá ibì kan náà ló kọ orí gbogbo wọn sí. Mo rí i. N kò fi nǹkan kún ohun tí mo rí.

"Ṣé kí n ya ojú sí wọn?"

"Ojú kẹ̀? Ojú wọn ti dí."

Lọ́jọ́ Ajé, a to àwọn elégédé sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, èmi ni mo bá a gbé àkàbà, a sì fi àwọn iwin kọ́ sára àjà. Máníjà, obìnrin òyìnbó kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, fọwọ́ lé àyà. Ó ní wọ́n rẹwà, pé ìfọ̀kànbalẹ̀ kan wà lára wọn tí òun kò tíì rí rí lára ọ̀ṣọ́ Hàlòwíìn. Ọ̀dọ́bìnrin oníṣẹ́ ọnà yẹn gbójú sókè, ó ní wọ́n mọ́ tónítóní. N kò lè sọ bóyá ìyìn ni.

Àwọn ọmọ dé láti ilé-ìwé, wọ́n ń ti ara wọn bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n wo òkè. Wọ́n dákẹ́.

"Aunty," ni ọmọbìnrin kan sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé wọ́n ń sùn ni?"

"Jẹ bísíkítì ẹ."

Wọ́n jẹ bísíkítì. Kò sẹ́ni tó sáré, kò sẹ́ni tó ju nǹkan lu ẹnì kejì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ omi, á na ọwọ́ sókè. Máníjà wá bá ìyá mi, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń bójú tó ibẹ̀, gbọ̀ngàn náà kò tíì pa rọ́rọ́ báyìí rí, pé kí ló ṣe sí wọn? Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀, bíi ti ẹni tí oorun ń bọ̀ wá bá.

Àlhájà kan wà ní ẹ̀sìtéètì wa, ó ju ìyá mi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, òun ló máa ń wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó tẹ ọ̀pá wọlé, ó ń kí tọ̀tún tòsì, ó gbójú sókè, ó sì dúró gbagidi.

"Inna lillahi wa inna ilayhi rajiun. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o, Àlhájà." Ìyá mi ti kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Hàlòwíìn ni."

"Hàlòwíìn bíi ti báwo? Òkú mẹ́wàá lẹ gbé kọ́ sókè yìí!"

"Iwin ni wọ́n, mà."

"Iwin wo ni wọ́n ń so lẹ́sẹ̀? Kó má baà rìn lọ sí Brixton, àbí?" Ó na ọ̀pá sókè, ó fi ń tọ́ka. "Èmi mọ ọwọ́ yín. Ọwọ́ yìí lẹ fi di àbúrò mi lọ́jọ́sí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó mọ́, ó gún régé. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Àwọn ọmọ wá ń jẹ bísíkítì lábẹ́ ẹ̀!"

Ìyá mi gbójú sókè. Mo gbà pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. N kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá síwájú, tó ń wò wọ́n bíi pé wọ́n ti lọ síbì kan láìsọ fún un.

Máníjà dé, ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Kí ni ìyá àgbà ń sọ? Ọ̀dọ́bìnrin yẹn náà ti sún mọ́ wa. Gbólóhùn kan ti wà lẹ́nu mi: pé ìyá àgbà ń yin iṣẹ́ náà ni. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìyá mi wò mí, ó mi orí, ó sì fi òyìnbó tirẹ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Ní mọ́sáláṣí wa, èmi wà lára àwọn tó ń di àwọn obìnrin tó bá kú. Bí a ṣe ń dì wọ́n nìyí. Ọwọ́ mi ṣe ohun tó mọ̀. Ẹ má bínú."

Máníjà wo òkè. Ó ti gbé bísíkítì kan dé ẹnu. Ó rọra dá a padà sínú àwo. Ọ̀dọ́bìnrin náà bo ẹnu. Máníjà béèrè bóyá kí a kó wọn kúrò.

"Kí ló wí?" ni Àlhájà bi mí.

"Ó ní ṣé ká kó wọn kúrò, mà."

"Lọ síbo? Sínú bíìnì? Aṣọ yẹn?" Ó kọjú sí ìyá mi. "Ẹ tú u! Bí wọ́n bá gbé òkú sínú sàárè tán, ṣé wọn kì í tú okùn ara ẹ̀ ni? Àbí èmi ni mo fẹ́ kọ́ yín?"

Ìyá mi gba àkàbà lọ́wọ́ mi, kò jẹ́ kí n gùn ún. Ó fa okùn ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́, ó tú. Ó fa ti ìbàdí. Ìwé ìròyìn já bọ́ sínú júùsì ẹnì kan, aṣọ náà ṣí, ó rọ̀ sílẹ̀. Ó sún sí ìkejì, ó sún sí ìkẹta. Ó ti dé bíi ìkẹfà nígbà tí òbí kan ṣílẹ̀kùn, tí atẹ́gùn tútù wọlé, tí gbogbo èyí tó ti tú sì fẹ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kan figbe ta. Gbogbo wọn figbe ta. Wọ́n sáré yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn, ọ̀kan ń sunkún, òmíràn ní kí wọ́n tún ṣe é. Ariwo tó yẹ kó ti wà láti ìrọ̀lẹ́ wá dé wàyí.

"Ti orí ńkọ́?" ni Àlhájà ké láti ìsàlẹ̀.

"Àlhájà, bí mo bá tú ti orí, wọ́n á já bọ́."

Àlhájà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Kó wà bẹ́ẹ̀. Wọn ò kúkú ní ẹbí." Ó jókòó sórí àga ọmọdé, ó ní kí wọ́n fún òun ní júùsì, èyí tí kò ní ìwé ìròyìn nínú.

Ìyókù kò ṣojú mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Hàlòwíìn, máníjà pe ìyá mi sí ọ́fíìsì. Ìyá mi ní elégédé ló jẹ́ kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ náà, pé wọ́n ṣì ń dán títí di ọjọ́ yẹn. Àlhájà ní àdúrà òun ni. Ọ̀dọ́bìnrin oníṣẹ́ ọnà náà bá mi pàdé lẹ́nu ọ̀nà, ó ní máníjà fẹ́ràn ẹni tí kì í purọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, n kò sì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. Máníjà fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan fún mi, kò sì sí ìdí tí ì bá fi sọ. Nípa aṣọ funfun náà, ìyá mi ní òun ti fọ̀ ọ́. N kò wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo jí ní ìdájí, ní àkókò tí ìró ilẹ̀kùn wa máa ń jí mi. Ilẹ̀kùn kò dún. Mo gbọ́ omi àlùwàlá. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lórí ìrun, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Èyí nìkan kò tó. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo gbé etí sí ilẹ̀kùn. Ó ń hanrun.