Dúróòmù Tó Gba Àyè Ọmọ Mi

Òórùn irin tó ti dípẹtà ni yàrá wa ní Ìkòsì ń rùn nígbà yẹn, irú èyí tó máa ń kù lọ́wọ́ èèyàn tó bá di kọ́bọ̀ mú pẹ́. Yunifásítì ń yanṣẹ́lódì, ni bàbá ọmọ mi bá gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wálé: dúróòmù rọ́bà kan, òkúta lílọ̀, omi kíkan tó lè bó èèyàn lára, àti kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ní wọ́n á yọ kọ́pà, irin pupa tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, jáde nínú òkúta náà. Àwọn kòkòrò náà ń mí bíi tiwa, nítorí náà ó ra ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olówó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi ẹja inú páálọ̀ wọn. Bí wọ́n bá múná lọ, nítorí dúróòmù la ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe nítorí fáànù tèmi.

Ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò. Mo ní, "Daddy, nínú ọmọ àti dúróòmù yìí, ọ̀kan máa kó jáde o."

"Mummy, ṣe sùúrù díẹ̀. Tí èyí bá ṣiṣẹ́, mo ti gboyè nìyẹn."

Ọmọ ló kó jáde. Mo gbé e lọ fún ìyá mi ní àdúgbò Anthony, mo sì fi ọmú tó kún fọ́fọ́ padà wálé.

Kọ́pà ò jáde. Omi tó yẹ kó pọ́n kàn ń ṣe àwọ̀ ewé bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ebi ló ń pa àwọn kòkòrò náà, ó da iyọ̀ irin tí wọ́n ń jẹ sí i. Kò yí padà, ó tún da òmíràn sí i. Páànù ń yan wá, omi náà ń gbóná, ó sì ń hó yaya bí ẹni pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Níkẹyìn, olùkọ́ rẹ̀ wá wò ó. Ó fọwọ́ kan ara dúróòmù. "Iye afẹ́fẹ́ tí omi yìí ń gbà, níbo lo ti rí i?"

"Nínú ìwé ni, sà."

"Ti omi lásán nìyẹn. Omi gbígbóná tí iyọ̀ ti kún inú ẹ̀ báyìí, ibo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ dúró sí? Ò ń fẹ́ ẹ wọlé, ó ń gba òkè jáde, àwọn kòkòrò ẹ ò rí i mí. Lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Bí olùkọ́ náà ṣe lọ, Anthony ni mo gbà lọ. Ọmọ mi dìde nílẹ̀, ó rìn. Mo na ọwọ́ sí i, ló bá kọjá lára mi, ó lọ di ìró ìyá mi mú.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti ń rìn," ni ìyá mi wí. "Mo fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu ni."

Ọkọ mi padà gboyè, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ń kí mi pé mo gbárùkù ti ọkọ, ìró ìyá mi tí ọmọ mi dì mú ni mo máa ń rántí. Mo ti rò pé béèyàn bá ṣáà ti ń fún nǹkan ní ohun tó nílò, ó gbọ́dọ̀ gbà á ni. Dúróòmù yẹn ò gba afẹ́fẹ́ tá a ń fún un. Ó sì ṣeé dà nù, kéèyàn ṣe òmíràn. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ọmọ ò ní òmíràn.