Orúkọ Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Nílé

Màmá òyìnbó tó ń gbé ní fúláàtì tó kángun sí tèmi ní Peckham kò fẹ́ kí kánsù, ìjọba ìbílẹ̀, nìkan sin àwọn bí ẹni tí kò lẹ́bí. Wọn ò lọ́kọ, wọn ò bímọ, wọn ò sì tíì rí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn, tí í ṣe orúkọ abúlé kan ní Kent. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Camberwell ni wọ́n ti bẹ̀ mí.

"Oníròyìn ni ẹ́. Bá mi wá ẹnì kan tó bá mi tan. Tí ẹ̀yin Nàìjíríà bá ń sìnkú, a kì í ráyè gbé mọ́tò sí. Èmi ńkọ́?"

Mo bi Alhaja tó ń gbé nísàlẹ̀ wa pé níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìlú wọn ni kó o lọ," Alhaja dáhùn. "Tí ìwọ bá sọnù, ṣé Peckham la ti máa béèrè àwọn èèyàn ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo wọ rélùwéè lọ sí abúlé náà. Mo yẹ ibojì ṣọ́ọ̀ṣì wò títí, n kò rí orúkọ náà lórí ọ̀kankan. Bàbá tó ń gé koríko níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo wa la jẹ́ ará ibí. Tá a bá ń fi orúkọ ibí pe ara wa, ta ni yóò jẹ́? Ẹni tó bá kúrò ni wọ́n ń fi pè níbi tó bá dé. Deptford ni àwọn tó kúrò níbí láyé àtijọ́ lọ, láti kan ọkọ̀ ojú omi."

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tá à ń pè ní Ará Ọ̀fà l'Ágége, wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ l'Ọ́fà. Deptford rèé, bọ́ọ̀sì kan péré ni láti ẹnu ọ̀nà mi.

Alhaja pè mí nínú rélùwéè nígbà tí mò ń padà bọ̀. "Má wulẹ̀ sáré mọ́," wọ́n ní. "Màmá ti lọ."

Ìsìnkú ṣì kù. Mo dé Deptford, mo rí orúkọ náà lára ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá mi ní èmi ló kẹ́yìn tó ń jẹ́ orúkọ yìí," ó wí. "N ò wá ẹnikẹ́ni rí."

Ó wá síbi ìsìnkú. Ẹ̀yìn wa ló dúró sí, àfi ìgbà tí Alhaja fà á síwájú pé ẹni tó bá Màmá tan kì í dúró lẹ́yìn. Ó bu erùpẹ̀ sórí pósí, ó wá rọra bi wá ní orúkọ tí màmá náà ń jẹ́ nílé, kì í ṣe èyí tí àlùfáà kà.

Èmi àti Alhaja wo ara wa. Màmá nìkan là ń pè wọ́n.