Yàrá Gíláàsì Tí Bàbá Mi Ní Ká Kọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún mi pé bàbá mi kò ríran dáadáa mọ́ kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ìyá mi. Kọ́lékọ́lé ni. Ọmọ Ìbàdàn ni ọkùnrin náà, Laurel ló ń gbé, òun la sì gbéṣẹ́ fún láti fi yàrá onígíláàsì kún ẹ̀yìn ilé wa ní Cheverly, ní Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé onílé. Mo tẹ́ àwòrán yàrá yẹn síwájú Bàbá lórí tábìlì. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mi orí, wọ́n ní, 'Ó dára, ó dára gan-an.' Pépà yẹn dorí kodò."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ ìròyìn, ìbéèrè yẹn kì í wọ́n lẹ́nu mi.

"Èmi gan-an ni mo dorí ẹ̀ kodò. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ilé bíríkì àtijọ́ ni ilé wa. Mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn òbí mi rà á. Fèrèsé rẹ̀ kéré, igi ńlá méjì sì dúró níwájú rẹ̀, débi pé lásìkò òtútù, aago mẹ́ta ọ̀sán là ń tan iná. Bàbá mi kò ráhùn nípa rẹ̀ rí. Àfi lọ́dún tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣàdédé sọ nídìí oúnjẹ pé àwọn fẹ́ ká wó ògiri ẹ̀yìn, ká fi gíláàsì kọ́ yàrá kan síbẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè.

"Mo fẹ́ ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ á ti máa wọlé láìkanlẹ̀kùn."

A rò pé fàájì ìfẹ̀yìntì ni. Kọ́lékọ́lé fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá, inú gílóòbù lẹ fẹ́ máa gbé yìí o."

"Ìwọ ṣáà rí i pé gílóòbù náà tàn," bàbá mi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí kọ́lékọ́lé fi ọ̀rọ̀ pépà yẹn tó mi létí, mo lọ bá ìyá mi ní kíṣìnnì. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà.

"Mọ́mì, ṣé Dádì ò ríran mọ́ ni?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́. Ìyá mi ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i.

"Akọ̀ròyìn, ṣé o fẹ́ lọ gbé e sínú ìwé ìròyìn ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gúlókómà ni, wọ́n ní, láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti bẹ̀rẹ̀. "Bí ẹni tó ń yọjú wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́, bí bàbá rẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyẹn. Ihò yẹn ló ń kéré sí i." Dókítà ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, ó sì fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sójú lójoojúmọ́ kí èyí tó kù má bàa lọ.

Mo ṣí fìríìjì. Igò mẹ́ta wà lẹ́yìn ẹyin. A ò tíì ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Apòògùn ni bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n á ṣe lo oògùn, tí wọ́n á sì bínú sí ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ.

"Wọ́n ní ó ń mú ojú wọn pọ́n," ìyá mi sọ. "Wọ́n ní tí ojú bá ti ń pọ́n, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, wọ́n á sì ní apòògùn kò rí oògùn fún ojú ara ẹ̀."

"Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" Bàbá mi ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù.

"Èmi ni mò ń kà á fún wọn láti ọjọ́ Ajé. Tó bá fi máa di Sátidé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí."

Ìgbà náà ni mo rántí ọjọ́ Àìkú kan tí àlùfáà yí ẹ̀kọ́ padà láàárọ̀, tí bàbá mi ṣí Bíbélì, tí wọ́n sì ka ti tẹ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìkọsẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn mi kùn pé, "Èwo ni Bàbá ń kà yìí?" Èkejì rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Olóríkunkun ni wọ́n, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kà." Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní kíṣìnnì yẹn ló tó yé mi pé bàbá mi ń fi yàrá náà bá ojú wọn sáré ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kán oògùn sí wọn lójú fúnra mi, wọ́n sì gbà, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé kò mọ̀ pé à ń sáré. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé gba àkókò tirẹ̀. Lẹ́yìn tí kọ́lékọ́lé wó ògiri tán ló tó rí i pé òun ti ṣi gíláàsì tó tóbi jù lọ wọ̀n, ó sì di dandan ká dúró de òmíràn. Pákó ló fi dí ihò náà. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ilé wa ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ni bàbá mi máa ń lọ fọwọ́ kan pákó yẹn.

"Kò tíì dé?"

"Kò tíì dé, Dádì."

Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé ni gíláàsì dé. Bàbá mi wọ inú yàrá náà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n dúró. "Ó tàn," wọ́n ní. Ọ̀rọ̀ kan yẹn náà ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá mi fi rán kọ́tìnì tó nípọn, wọ́n fi òrùka irin gbé e kọ́ yí gbogbo gíláàsì náà ká. Obìnrin aládùúgbò wa, tí fèrèsé kíṣìnnì rẹ̀ dojú kọ yàrá náà, rí mi níta. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Ṣebí kí ẹ lè máa wo ìta lẹ ṣe kọ́ ọ?" Mo juwọ́ sí i, mo wọlé.

Nínú ilé, bàbá mi ti ń pariwo. "Ta ló dá ògiri mi padà?"

"Èmi ni," ìyá mi dáhùn. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má mọ̀? Obìnrin tó ń fọ abọ́ lọ́hùn-ún yẹn ń wò yín bí ẹ ṣe ń táràrà wá ṣíbí. Ẹ fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ fẹ́ àṣírí. Ẹ mú ọ̀kan."

Bàbá mi kò mú ọ̀kankan. Wọ́n ní kí ìyá mi máa ṣí i nígbà tí obìnrin náà bá jáde lọ rìn láàárọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bàbá mi á bèèrè pé, "Ó ti jáde?" Ìyá mi á ní, "Ó ti jáde." Òrùka kọ́tìnì á han gooro lórí irin, bàbá mi á ní, "Ó tàn."

Ní ìparí ọdún yẹn, mo dé ilé ní ọjọ́ Sátidé kan láàárọ̀. Kọ́tìnì wà ní ṣíṣí pátápátá. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ọjọ́ kẹta rèé tí àwọn ti ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ láìsọ fún bàbá mi, obìnrin yẹn wà nílé tàbí kò sí nílé. Ó ti sú àwọn. Bàbá mi jókòó lórí àga, oòrùn sì wà lára wọn láti orúnkún dé àyà. Lọ́hùn-ún, aládùúgbò wa ń fọ abọ́.

"Obìnrin yìí ò tíì jáde ni?" bàbá mi bèèrè.

Ìyá mi wò mí, wọ́n fi ìka lé ètè.

"Ó ń wọ bàtà lọ́wọ́."

Ìyá mi rìn lọ sídìí gíláàsì. Wọ́n rọra fa kọ́tìnì náà pa dé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bo ọmọ tó sùn láṣọ. Wọ́n dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kí òrùka náà lè han gooro.

"Ó ti jáde báyìí."

"Ó tàn," bàbá mi ní. "Tòní tàn gan-an."

Ìyá mi wọ kíṣìnnì lọ gbé tíì. Mo gbé igò oògùn, mo ní kí bàbá mi gbójú sókè. Wọ́n gbé e sókè, mo kán an sí ọ̀tún, mo kán an sí òsì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni òrùka yẹn dún," wọ́n ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má sọ fún ìyá rẹ."