Súwẹ́tà Ẹ̀yìn Àga

Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan ni mo fi ń rántí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Festac. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọn a fi kọ́ ẹ̀yìn àga láàárọ̀ kí ọ̀gá lè rò pé wọn ò jìnnà, wọn a sì gba Trade Fair lọ tajà.

"Títí," wọ́n máa ń sọ fún ọmọ mi, "má ṣiṣẹ́ aládàáni o. Ìjọba kì í lé obìnrin lẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Alákijà, wọ́n sì gba Títí síbẹ̀ kó tó ríṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ kan, ó fi súwẹ́tà tirẹ̀ kọ́ àga, ó lọ jẹun. Kó tó padà, wọ́n ti gba ẹlòmíì sípò rẹ̀.

Mo lọ bá wọn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ lọ́gbọ́n súwẹ́tà yìí?"

"Bàbá Títí, owó ìjọba nìyẹn. Owó tèmi nìyí!"