Ojú Bùsàrí àti Ọ̀rá Ọkọ̀

Iṣẹ́ Bùsàrí ní àdúgbò Bonanjo ni pé kí ó máa lẹ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara mọ́ ara ọkọ̀, kí òkúta títì má baà ha ọ̀dà rẹ̀. Bí oníbàárà bá bi í bóyá ọ̀rá náà kò ní pa dídán ọkọ̀, a máa ní, "Ojúlówó ọ̀rá kì í pa dídán."

Lọ́jọ́ kan, ó lẹ ọ̀rá mọ́ ọkọ̀ dúdú kan tán, ó wá rí i pé ọkọ̀ náà ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. Ó ṣí ọ̀rá náà kúrò, ó lẹ òmíràn, síbẹ̀ ó ṣú. Ó bá lọ bá Martine tó ni ọkọ̀.

"Madame, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá yìí ti pa dídán ọkọ̀ yín."

Martine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Tọ́ńtọ́n, bàbá mi, ó ń dán o. Mo rí yẹtí mi nínú rẹ̀."

Bùsàrí tún wò ó. Kò rí yẹtí, kò rí ojú ara rẹ̀ pàápàá. Ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Dókítà sọ fún un pé àìsàn ojú tí kì í roni ti wọ̀ ọ́ lára tipẹ́, èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò sì ní padà mọ́.

Nígbà tó délé ní Yassa, ó sọ fún Fàòsíyà ìyàwó rẹ̀ pé ojú òun ń lọ.

"Ọlọ́hun á ṣàánú wa," ni ìyàwó wí.

Bùsàrí jókòó, ó kọjú sí ògiri. Kò ṣe àmín.