Kírísítà Mẹ́jọ fún Ẹnu Àna Kan

Inú tó ń bí atúnaagoṣe lè se òkúta jinná láìsí iná.

Àna rẹ̀ ló fà á. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, iṣẹ́ yíyọ eyín ló ń ṣe, ohùn rẹ̀ sì tóbi débi pé eyín tí kò ṣe nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bó bá ní "ẹ jókòó". Àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan rédíò tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, atúnaagoṣe a fẹ́ gbọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tíṣà àtijọ́ tó ń gbé lọ́nà jíjìn, tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ayọyín a sì dúró sí ìkànnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tíṣà gan-an, ohùn rẹ̀ a bo ti tíṣà mọ́lẹ̀.

"Sún díẹ̀, àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n, ààyè mi ni mo wà. Rédíò yín ló ń jò. Ajere ni."

Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá Ajere ni àwọn tó wá gba aago wọn ń pè é.

"Á fẹnu ara ẹ̀ bẹ̀ mí," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Etí mi yìí ni màá sì fi gbọ́ ọ."

Ó gbé rédíò tí wọ́n pè ní ajere náà jù sí ilé ìdáná. Ó ra igba kírísítà láti fi kan rédíò tuntun, àwọn ègé òkúta tínrín tí wọ́n fi páànù bò, tí kálukú ń gbọ̀n ní ìwọ̀n tirẹ̀. Tí a bá to àwọn tó jọra sórí ìlà kan, wọ́n di asẹ́: ohùn kan á kọjá, aládùúgbò rẹ̀ á kú sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í fọwọ́ kàn wọ́n, torí ooru ọwọ́ lásán ń yí wọn padà. Ẹ̀mú aago ló fi ń gbé wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko, ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé, kò gbọdọ̀ sín. Mẹ́jọ péré ló yege, wọ́n jọra ju ìbejì lọ. Ó tò wọ́n, ó wá fún ojú asẹ́ náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìkà ló fi ṣe é.

Ní Sátidé, ohùn tíṣà jáde bí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayọyín dà? Kò sí. Atúnaagoṣe rẹ́rìn-ín títí aago ògiri mẹ́ta fi dákẹ́.

"Máa ké, àbúrò," ló ń wí. "Máa ké."

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé láti ilé ìdáná. "Ẹ kú oríire. Ó ti bẹ̀ yín lórí rédíò."

"Ta ni?"

"Àbúrò mi náà ni. Màmá wa ló bá a wí lánàá. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, mo ṣìwí, ẹ forí jì mí.' Ajere gbé e ketekete."

Wéré ló yí bọ́tìnnì dé ibi tí àna rẹ̀ wà. "Àbúrò, tún un sọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ibi yòówù kí n dúró sí, ẹ máa ń gbọ́ mi? Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Àbí rédíò tuntun yín ò gbọ́ ni?"

Atúnaagoṣe wo rédíò tuntun rẹ̀. Bó bá ní òun ò gbọ́, orúkọ tuntun ti dé nìyẹn.

"Mo gbọ́," ló wí.

"Ó tán nìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

Kò tán. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fi ohùn àbúrò rẹ̀ sọ ẹ̀bẹ̀ náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò dùn. Ó bá lọ gbé ajere wá láti ilé ìdáná, ó nu epo ara rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Pe Màmá," ló wí. "Sọ fún wọn pé àbúrò rẹ tún ti bú mi."

"Kí ló sọ?"

"Wá nǹkan kan. Ṣebí ìwọ lo mọ ẹnu ẹ̀."